Sáfà Tuntun Kọ́ Loògùn Tíkẹ́ẹ̀tì Tó Ń Falẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ tí mo wà ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, ń ta sólà àti inverter, a sì ń lọ so wọ́n fún oníbàárà títí dé Ẹdẹ, Ìkìrun àti Iléṣà. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn á kọ ọ́ sórí ìkànnì tíkẹ́ẹ̀tì wa, tí wọ́n fi PHP (èdè tí wọ́n fi ń kọ ìkànnì) àti MySQL 8.0 (dátábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀) ṣe. Tíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti lé ní 240,000. Nǹkan bí 9,000 nínú wọn ni a ò tíì yanjú. Ojú ewé tó ń to àwọn tí a ò tíì yanjú, èyí tó pẹ́ jù ló ń wà lókè. Bí mo bá ṣí i lálẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè tí àwa 18 bá wà nídìí ẹ̀, ó di 14. Wíwá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀sùn ò tilẹ̀ ṣeé fẹnu sọ. RAM sáfà wa jẹ́ 8GB, orí rẹ̀ ni PHP àti dátábéèsì jọ wà. Mo ti fi index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ohun tó ń wá) sí gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù tábìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yí nǹkan kan padà, àfi pé tíkẹ́ẹ̀tì tuntun tún wá ń pẹ́ kó tó wọlé. Ọ̀gá wa ti fẹ́ ra sáfà ńlá. Ṣé kí á rà á? Query ojú ewé náà, ìyẹn ìbéèrè tó ń bi dátábéèsì, nìyí:

SELECT * FROM tickets WHERE status = 'open' ORDER BY updated_at LIMIT 25;

Ìdáhùn: Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé kí wọ́n jẹ́ kí owó náà ṣì wà lápò. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ìlà 240,000 ò pọ̀ lójú MySQL rárá. Ohun tó ń pa yín lára ni pé kí sáfà tó fi tíkẹ́ẹ̀tì 25 hàn yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo tábìlì ló ń kà tán. Sáfà tó lágbára ní ìlọ́po méjì á kàn máa ka ìkàkukà kan náà yára díẹ̀ sí i ni, tí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá sì fi pọ̀ sí i, ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú bí 3 ṣe ń di 14. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣe refresh (kó tún ojú ewé gbé wá) fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 15-15 ni tiyín ń ṣe é, èèyàn 18 á béèrè ojú ewé yẹn nígbà 72 láàárín ìṣẹ́jú kan. Query tó ń gba 3, tí 72 rẹ̀ ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta sí mẹ́rin ni yóò máa sáré pọ̀ nígbà gbogbo. Wọ́n á máa du CPU àti disk mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìkọ̀ọ̀kan á gùn sí i. Bó sì ṣe ń gùn ni àwọn tó ń to sẹ́yìn rẹ̀ ń pọ̀. Nígbà tó bá fi di 14, nǹkan bí 17 ló ti ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ oríta Ọláìyá ló rí: kì í ṣe pé mọ́tò kan bàjẹ́, àwọn tó wọlé ló ju àwọn tó ń jáde lọ. Ẹ lè fojú ara yín rí i. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ tẹ SHOW FULL PROCESSLIST. Query kan ṣoṣo yẹn lẹ máa bá nílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí kọ́lọ́ọ̀mù Time ń kà sókè níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ lè sọ refresh náà di ìṣẹ́jú kan lónìí kẹ́ ẹ lè mí díẹ̀, àmọ́ ẹ má pè é ní ìwòsàn.

Ṣáájú kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wọ̀n ọ́n. MySQL ní fáìlì kan tó lè máa kọ orúkọ gbogbo query tó bá pẹ́ sí. Ó sábà máa ń wà ní pípa, iye àkókò tí wọ́n fi sínú rẹ̀ látilẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10, ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń tàn án, tí wọ́n á bá fáìlì náà lófìfo, tí wọ́n á wá sọ pé dátábéèsì kọ́ ló ń dá wọn dúró. Ẹ tàn án báyìí:

SET GLOBAL slow_query_log = 'ON';
SET GLOBAL long_query_time = 0.1;

Ìsopọ̀ tó bá wọlé lẹ́yìn àṣẹ kejì nìkan ló máa tẹ̀ lé iye tuntun náà. Bí PHP yín bá ń lo ìsopọ̀ tí kì í kú, ẹ tún PHP bẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó máa kọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá ṣe àkójọ rẹ̀ báyìí:

mysqldumpslow -s t -t 10 /ibi/tí/fáìlì/wà

Ẹ má fo "-s t" yẹn. Tẹ́ ò bá kọ ọ́, ìpíndọ́gba àkókò ló fi ń tò wọ́n, èyí sì máa ń ṣini lọ́nà. Query tó gba 14, tó wáyé nígbà 40, ìṣẹ́jú àáyá 560 ló jẹ. Èyí tó gba 0.2 péré, tó wáyé nígbà 9,000, ìṣẹ́jú àáyá 1,800 ló jẹ, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Nítorí irú èkejì yìí ni mo ṣe ní kẹ́ ẹ fi 0.1 sí i.

Nínú fáìlì náà, ìlà kan tó jọ èyí ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́:

# Query_time: 13.871204  Lock_time: 0.000003  Rows_sent: 25  Rows_examined: 231406

Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ni gbogbo ẹjọ́ náà. Ó ka 231,406, ó fi 25 ránṣẹ́. Lock_time ò tó nǹkan, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà. Iṣẹ́ asán ló ń ṣe.

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bi mí pé, "Ṣebí mo ti fi index sí status, mo sì ti fi sí updated_at?" Ẹ ti fi sí i lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ fojú inú wo yàrá tí wọ́n ń kó káàdì sí nílé ìwòsàn ńlá kan. Wọ́n ti to káàdì tẹ̀ lé ọjọ́ tí aláìsàn wá gbẹ̀yìn. Ẹ wá ní kí akọ̀wé mú káàdì 25 tó pẹ́ jù wá, lára àwọn tó ṣì ń gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ní ìpíndọ́gba, ọ̀kan nínú káàdì 27 ló jẹ́ ti ẹni tó ṣì ń gba ìtọ́jú. Ó rò ó pé bóun bá yẹ káàdì bíi 670 wò, 25 á ti pé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó pẹ́ jù. Ẹni yìí ti gbádùn. Èyí náà ti gbádùn. Àwọn tó wá lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, gbogbo wọn ti gbádùn tipẹ́! Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níbi káàdì ọdún yìí ni àwọn tó ń gba ìtọ́jú kó jọ sí, ó sì di dandan kó yẹ gbogbo tọdún tó kọjá wò kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí MySQL yín ń ṣe nìyẹn. Ó rí LIMIT 25, ó rí ORDER BY updated_at, ó ní òun á gba orí index updated_at kóun má baà to nǹkan kan. Ó rò pé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣì ṣí fọ́n káàkiri, kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí. Bẹ́ ẹ bá tẹ EXPLAIN (àṣẹ tó ń sọ ọ̀nà tí MySQL fẹ́ gbà) síwájú query náà, ó lè sọ fún yín pé ìlà 670 péré lòun máa kà, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, EXPLAIN ANALYZE ni kẹ́ ẹ lò, ó wà láti 8.0.18: ó máa ń mú query náà ṣe ní ti gidi, yóò wá fi iye tó rò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó kà lóòótọ́. Bí méjèèjì bá jìnnà síra báyìí, ọ̀nà tó gbà ni kò dáa.

Ohun tó yẹ ni kí akọ̀wé káàdì pín yàrá sí méjì: àwọn tó ṣì ń gba ìtọ́jú lápá kan, àwọn tó ti gbádùn lápá kejì, kó sì wá to apá kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ọjọ́. Index kan ṣoṣo tó ní kọ́lọ́ọ̀mù méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn:

ALTER TABLE tickets ADD INDEX ix_status_updated (status, updated_at), ALGORITHM=INPLACE, LOCK=NONE;

Èyí tó ṣíwájú nínú àkámọ́ ṣe pàtàkì. Kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ ń fi "=" wá ni kó ṣíwájú, èyí tí ẹ fi ń to nǹkan ni kó tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ ní (updated_at, status), ẹ ti dá a padà sí bí akọ̀wé ṣe tò ó tẹ́lẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá tún ní ojú ewé tirẹ̀ tó ń wo kìkì tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un, (assigned_to, status, updated_at) nìyẹn ń fẹ́. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá kọ status IN ('open','pending'), ìtò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni MySQL á bá pàdé, á sì ní láti da wọ́n pọ̀ kó tún wọn tò. Ẹ ó rí "Using filesort" nínú EXPLAIN. Kì í ṣe ẹ̀rù, ìlà díẹ̀ ló ń tò báyìí, kì í ṣe gbogbo tábìlì. Bó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi kọ́lọ́ọ̀mù is_open kan sí i, tó ń jẹ́ 1 tàbí 0.

Lẹ́yìn èyí, Rows_examined yín yẹ kó já sí 25.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan kẹ́ ẹ tó tẹ ALTER yẹn. LOCK=NONE ò sọ pé kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bẹ́nì kan bá ṣí transaction (àkójọ àṣẹ tó ń parí pọ̀ bí ẹyọ kan) sílẹ̀ lórí tábìlì náà, tó gbàgbé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ALTER á dúró dè é, gbogbo query tó bá sì dé lẹ́yìn ALTER á tò sẹ́yìn òun náà. Ìkànnì á dì gbagidi, ẹ ó sì rò pé index ló pa á. Ẹ kọ́kọ́ tẹ SET lock_wait_timeout = 5, kó jẹ́ pé bí kò bá rí àyè wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, òun fúnra rẹ̀ ló máa jáwọ́. Òru ló dáa kẹ́ ẹ ṣe é. Òṣogbo yìí náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí gíríìdì iná Nàìjíríà wà, àmọ́ ìyẹn ò ní kí iná má lọ ládùúgbò yín ní aago méjì òru. Bó bá lọ láàárín ìgbà tó ń kọ index, dátábéèsì ò ní bàjẹ́; nínú 8.0, yóò pa èyí tó ti kọ rẹ́ nígbà tó bá jí, ẹ ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ń ta inverter ò kúkú ní àwáwí.

Ẹ wá padà sórí àwọn index ọlọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ tò síbẹ̀. Ìgbàkigbà tí tíkẹ́ẹ̀tì tuntun bá wọlé, gbogbo wọn ni MySQL ní láti kọ ọ́ sí, ìdí nìyẹn tí fífi nǹkan pamọ́ fi ń pẹ́. sys.schema_unused_indexes á sọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò lò láti ìgbà tí sáfà ti jí. Ẹ má gbà á gbọ́ bó bá jẹ́ pé àná lẹ tún sáfà tàn. Ẹ jẹ́ kí òpin oṣù kọjá lórí rẹ̀ kí ìròyìn oṣooṣù náà lè ti ṣiṣẹ́. Ẹ má tún yára yọ wọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi wọ́n pamọ́ lójú MySQL:

ALTER TABLE tickets ALTER INDEX ix_priority INVISIBLE;

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tẹ́nikẹ́ni ò ké, ẹ yọ ọ́ dànù. Bẹ́nì kan bá ké, VISIBLE á dá a padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ UNIQUE (tí kì í gba àtúnkọ) tàbí tó ń gbé foreign key (ìsopọ̀ tábìlì kan mọ́ òmíràn) ró, ẹ fi sílẹ̀.

Nípa wíwá ọ̀rọ̀: LIKE '%bátìrì%' lẹ ń lò, àbí? Index lásán ò lè ran irú èyí lọ́wọ́, torí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ló fi to nǹkan, àmì % iwájú yẹn sì ti sọ pé ẹ ò mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe FULLTEXT, index tó ń to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, sórí àkòrí àti ara ẹ̀sùn, kẹ́ ẹ fi MATCH ... AGAINST ... IN BOOLEAN MODE wá a. InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú tábìlì, kì í ka ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kò tó mẹ́ta sí, àyàfi tẹ́ ẹ bá dín innodb_ft_min_token_size kù kẹ́ ẹ sì tún index náà kọ. Bákan náà, ọ̀rọ̀ ló ń wá, kì í ṣe àjákù ọ̀rọ̀: ẹni tó tẹ "vert" ò ní rí "inverter". Ẹ sọ fáwọn òṣìṣẹ́ yín ṣáájú, kí wọ́n má baà ní ìkànnì ti bàjẹ́.

Àmì ohùn náà tún wà níbẹ̀. Oníbàárà kan á kọ Òṣogbo, èkejì á kọ Oṣogbo, ẹ̀kẹta á kọ Osogbo. Collation (òfin tí MySQL fi ń fi lẹ́tà wéra) utf8mb4_0900_ai_ci, tó jẹ́ ti MySQL 8.0 látilẹ̀, ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọ̀kan náà, ó sì dáa fún iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé láti MySQL àtijọ́ lẹ ti kó dátábéèsì náà wá, ẹ fi SHOW CREATE TABLE wo tábìlì kọ̀ọ̀kan. Bí tábìlì oníbàárà bá ṣì wà ní utf8mb3 (ọ̀nà àtijọ́ tí MySQL ń gbà tọ́jú lẹ́tà), tí ti tíkẹ́ẹ̀tì ti di utf8mb4, tó sì jẹ́ pé kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ lẹ fi so wọ́n pọ̀, bí ímeèlì, MySQL ní láti yí ti oníbàárà padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, index orí rẹ̀ á sì di ohun ọ̀ṣọ́. CONVERT TO CHARACTER SET ló ń tún un ṣe, àmọ́ á da gbogbo tábìlì náà kọ lákọ̀tun, kò sì sẹ́ni tó lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ títí yóò fi parí. Kí àyè tó tó tábìlì náà ṣófo lórí disk kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Irú àṣìṣe yìí tún ní ìbátan méjì tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá nínú kóòdù yín. Ọ̀kan ni DATE(created_at) = '2025-06-02'. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti fi iṣẹ́ wọ kọ́lọ́ọ̀mù lára báyìí, index created_at ò wúlò mọ́. Ẹ kọ ọ́ ní created_at >= '2025-06-02' AND created_at < '2025-06-03'. Èkejì ni nọ́ńbà fóònù tí wọ́n tọ́jú bí ọ̀rọ̀ nítorí òdo iwájú rẹ̀, tí ẹni tó kọ kóòdù wá ń wá a láìsí àmì: phone = 08000000000. MySQL á sọ fóònù gbogbo oníbàárà di nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó fi wọ́n wéra. Àmì ọ̀rọ̀ méjì péré, phone = '08000000000', ni ìyàtọ̀.

Ẹ wo PHP náà. Bí ojú ewé bá ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì 25, tó wá ń lọ béèrè orúkọ oníbàárà, èsì tó gbẹ̀yìn àti iye èsì fún ìkọ̀ọ̀kan, query 76 nìyẹn fún ojú ewé kan. Torí pé orí sáfà kan náà ni tiyín jọ wà, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n lára. Bẹ́ ẹ bá gbé dátábéèsì lọ sórí sáfà ní Yúróòpù lọ́la, tí àlọ-àbọ̀ kan jẹ́ 0.1, ìṣẹ́jú àáyá 7.6 ti lọ sí ojú ọ̀nà lásán. JOIN, tó ń so tábìlì pọ̀ nínú query kan, á mú orúkọ wá lẹ́ẹ̀kan. Last_reply_at àti reply_count, ẹ fi wọ́n sínú tábìlì tickets gan-an, kẹ́ ẹ máa tún wọn ṣe nínú transaction tó ń fi èsì tuntun pamọ́. Ẹ sì yé lo SELECT *. Ojú ewé ìtò ò nílò gbogbo ara ẹ̀sùn.

Tíkẹ́ẹ̀tì tó ti parí náà á ṣì yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá tẹ ojú ewé 800. OFFSET 19975 túmọ̀ sí pé ó máa ka 20,000, ó sì máa da 19,975 nù. Dípò nọ́ńbà ojú ewé, ẹ fún wọn ní "tó kàn" àti "tó ṣáájú", kẹ́ ẹ mú updated_at àti id ìlà tó gbẹ̀yìn dání:

WHERE status = 'closed' AND updated_at <= :u AND (updated_at < :u OR id < :i) ORDER BY updated_at DESC, id DESC LIMIT 25

Iye àpapọ̀ tó máa ń wà lókè ojú ewé, InnoDB ní láti kà á lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó tún un kà. Kò sẹ́ni tó máa kú bí ó bá fi mẹ́ta yàtọ̀.

RAM ló kù. innodb_buffer_pool_size, ìyẹn iye RAM tí InnoDB fi ń tọ́jú dátà sítòsí, látilẹ̀ jẹ́ 128MB péré, ọ̀pọ̀ sáfà ló sì ń fi 8GB ṣòfò lórí rẹ̀. Nítorí pé PHP náà wà níbẹ̀, ẹ fún un ní 4GB, ẹ má kọjá bẹ́ẹ̀, kí sáfà má baà bẹ̀rẹ̀ sí í fi disk ṣe RAM. Bí àwòrán inverter tí oníbàárà ń fi ránṣẹ́ bá wà nínú dátábéèsì fúnra rẹ̀, ẹ kó wọn jáde sí fódà, kẹ́ ẹ fi orúkọ fáìlì nìkan sílẹ̀. Àwọn tó bá sọ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kẹ́ ẹ fi query_cache_size kún my.cnf (fáìlì ètò MySQL), ìmọ̀ràn àtijọ́ ni: wọ́n ti yọ ọ́ kúrò ní 8.0, bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ MySQL ò ní jí.

Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan o. Index (status, updated_at) lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún mysqldumpslow tẹ̀ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, èyí tó bá wá wà lókè pátápátá ni kẹ́ ẹ kọjú sí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé Rows_examined àti Rows_sent ti súnmọ́ra nínú gbogbo mẹ́wàá òkè, tí Innodb_buffer_pool_reads (iye ìgbà tí kò rí dátà ní RAM, tó wá lọ kà á lórí disk) sì ṣì ń sáré sókè ní gbogbo ìṣẹ́jú, ẹ wá lọ bá ọ̀gá yín fún owó náà. RAM 16GB àti SSD ni kẹ́ ẹ fi rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi CPU púpọ̀ tàn yín.